Abẹ̀bẹ̀ Màámà Lára Ògiri

Bàbá ń fi òwú dúdú wọn ọrùn ọwọ́ Màámà, Màámà sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé òwú náà ń yún wọ́n lára. Bàbá ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ni mo di orí òwú kan mú, Bàbá di èkejì mú, wọ́n sì ní kí n má mí títí àwọn yóò fi wọ̀n ọ́n tán. Mo pa ẹnu dé, mo di imú pọ̀, n kò mọ̀ pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Minna máa ń mú kí páànù orí ilé máa ró pá, pá, bí ẹni ń ju òkò sí i. Iná ti lọ láti àárọ̀. Òórùn ẹ̀wà ń ti ìdí sítóòfù ìyá mi wá, ewúrẹ́ onílé sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi tí kò sómi nínú rẹ̀.

Inú àgbàlá kan náà la jọ ń gbé ní Keteren Gwari, nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì wọ́pọ̀ nílùú. Yàrá méjì tiwa wà lápá ọ̀tún, yàrá méjì ti Bàbá àti Màámà wà lápá òsì, igi máńgòrò kan dúró láàárín. A kò bá wọn tan. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, nígbà tí ìjọba ń wá olùkọ́ káàkiri, Bàbá sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní àwòrán yíyà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ wọn ti bá tiwọn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Èmi ni wọ́n wá sọ di ọmọ ilé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Minna ni wọ́n bí mi sí, Hausa ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu jù. Bí mo bá bi Màámà pé, "Ṣé o ti jẹun?" wọn yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọn yóò máa wo ewé máńgòrò, títí n ó fi rántí pé "Ṣé ẹ ti jẹun, mà?" ló yẹ kí n wí. Ìgbà náà ni wọn yóò tó dáhùn, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Àwòrán ló kún inú yàrá Bàbá. Oko iṣu wà níbẹ̀, obìnrin Gwari tó gbé igi lé èjìká wà níbẹ̀, ọjà, odò, òkè, màlúù. Bàbá a máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Àwọn àlejò a máa fi fìlà kọ́ sí igun wọn, bàbá tèmi alára ti fi ọ̀kan dé kòkò omi rí, láìmọ̀. Bàbá kò bínú, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i bí wọ́n ṣe ń wo ojú ẹni tó bá wọlé, bóyá yóò gbójú sókè wo ara ògiri.

Làkúrègbé ti ba ìka Màámà jẹ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ká kò, kò ṣe é nà, kò sì ṣe é fi di nǹkan mú. Apá wọn ń lọ, ó ń bọ̀, pàápàá tọ̀tún, ṣùgbọ́n ṣíbí kò dúró lọ́wọ́ wọn. Bàbá ló ń fún wọn lóúnjẹ, ìyá mi ló ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo ń ya irun wọn, tí mo sì ń bá wọn ró aṣọ bí mo bá ti ilé-ìwé dé. Màámà ń fara dà á. Èyí tí wọn kò lè fara dà ni kí ẹnìkan tún máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn lára. Bí Bàbá bá gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọn, wọn yóò yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ẹ̀yin náà ń làágùn," ni Màámà wí lọ́jọ́ kan. "Ẹ wá bí n ó ṣe máa fẹ́ ara mi. Ìyẹn nìkan ni mo ń fẹ́."

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá mú òwú jáde.

Ohun tí Bàbá rò ni abẹ̀bẹ̀ tí kò ní igi ìdìmú. Òrùka fífẹ̀ kan ni yóò wà níbi tó yẹ kí igi wà, kí Màámà lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́, kí wọ́n sì máa fi apá jù ú láìfi ìka di nǹkan kan mú. Ìyá arúgbó kan wà ní Maikunkele tó ń hun ẹní àti abẹ̀bẹ̀. Kaka là ń pè wọ́n, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Kaka kò gbọ́ Yorùbá, Hausa Bàbá kò sì kọjá sannu àti nagode, ìkíni àti ìdúpẹ́, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n lò nílùú. Nítorí náà, bí Bàbá bá fẹ́ kí Kaka hun nǹkan kan, ńṣe ni wọ́n máa ń yà á sórí pépà bó ṣe máa tóbi tó gẹ́lẹ́. Kaka a tẹ́ pépà náà sílẹ̀, wọn a sì máa hun kaba, ewé ọ̀pẹ gbígbẹ, lé e lórí, ìlà kan lórí ìlà kan. Kí wọ́n tó hun ún tán, pépà á ti ya. Bàbá kì í béèrè rẹ̀.

Pépà àpò sìmẹ́ǹtì ni Bàbá lò, èédú ni wọ́n fi yà á. Ó ń dún ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya róbótó abẹ̀bẹ̀, wọ́n ya òrùka. Wọ́n fi ìlà kún ìdajì rẹ̀, wọ́n fi ìdajì kejì sílẹ̀ lófìfo, wọ́n ní Kaka mọ bí a ṣe ń hun nǹkan, kí ni òun fẹ́ máa fi èédú ṣòfò sí. Wọ́n fa ìlà kékeré mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka, láti fi sọ pé kí ó nípọn tó ìka mẹ́ta. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n ń jẹ kosai, àkàrà tí ìyá mi rà ní ẹ̀bá títì. Mo fọwọ́ kan pépà, epo sì mọ́ ọn lábẹ́ òrùka. Bàbá wo epo, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní abẹ̀bẹ̀ náà ti jẹun. Ọjọ́ ọjà Maikunkele ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n bá fi ìṣó kan án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́.

Brọ́dà kan ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ olùkọ́, tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Gidan Kwano láràárọ̀. Ọmọlúàbí ni, ẹ má gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kí ẹ rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ó wá kí Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó gbójú sókè, ó sì rí abẹ̀bẹ̀ lára ògiri. Ó dúró. Ó sún sẹ́yìn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó bi Bàbá pé kí ni àkọlé iṣẹ́ náà. Bàbá ní abẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní ṣé abẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà? Bàbá ní bẹ́ẹ̀ náà. Ó mi orí, ó ní àgbà ayàwòrán nìkan ló lè fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ pe kọ́pà méjì wá láti ilé kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró síwájú ògiri wa bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ó ní àwọn kan ń ṣètò àfihàn àwòrán ní gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé abẹ̀bẹ̀ yìí lọ. Bàbá ní kí ó wọlé wá wo àwọn yòókù, oko iṣu, obìnrin Gwari. Ó wọlé, ó wò wọ́n, ó ní wọ́n dára, ó sì tún jáde wá síwájú abẹ̀bẹ̀. Mo rí ojú Bàbá. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń retí kí ẹnìkan dúró síwájú iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lára ìṣó, wọ́n gbé e fún un. Màámà béèrè pé abẹ̀bẹ̀ òun ńkọ́. Bàbá ní òun yóò ya òmíràn lọ́la, kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ.

Ọ̀la dé. Bàbá fá irùngbọ̀n, wọ́n de aago ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n jókòó ti pépà. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń yà wá bẹ̀rẹ̀ sí í nítumọ̀. Ọ̀kan ní ojú méjì. Ọ̀kan ní ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbi tó yẹ kí òrùka wà. Òmíràn dà bí máàpù Nàìjíríà, omi ń kán létí rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé Kaka kò lè hun ìwọ̀nyí. Wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ni, pé n kò lè mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ọjà Maikunkele kọjá, òmíràn tún kọjá. Ooru mú Màámà títí ọrùn wọn fi sú. Mo ń rẹ aṣọ sómi, mo ń tẹ́ ẹ lé wọn láyà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ. Wọn kò béèrè abẹ̀bẹ̀ mọ́, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Fún odidi ọjọ́ méjì n kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín o, inú mi sì tún ń dùn pé epo kosai mi ń lọ sí àfihàn. Ìwà ọmọdé.

Lọ́jọ́ àfihàn, Bàbá wọ agbádá, wọ́n gbé Màámà àti èmi sínú takisí. Wọ́n ti fi abẹ̀bẹ̀ sínú férémù dúdú, wọ́n fi dígí bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sí ibi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti kọ́kọ́ rí i. Gbọ̀ngàn náà ní fáànù lókè, ṣùgbọ́n agbára jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé wá kò ju ti gílóòbù lọ. Ooru bo gbogbo wa. Ìwé ètò tí wọ́n pín lẹ́nu ọ̀nà ni oníkálùkù fi ń fẹ́ ara rẹ̀, kọ́pà, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, gbogbo gbọ̀ngàn ń dún fẹ̀ẹ́, fẹ̀ẹ́.

Brọ́dà wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òrùka òfìfo yẹn ni ẹnu mẹ̀kúnnù tí ọ̀rọ̀ ti tán nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wọ babanriga ní rárá, kí wọ́n wo ìdajì dúdú àti ìdajì òfìfo, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni, tí wọ́n jọ wà lórí ilẹ̀ kan. Wọ́n fà á díẹ̀. Lórí ìlà kékeré mẹ́ta, ẹnu wọn kò: ẹ̀yà ńlá mẹ́ta Nàìjíríà ni. Ìyáàfin kan wá tẹ̀ síwájú, ó nawọ́ sí epo kosai mi, ó ní omijé opó nìyẹn. Mo bojú wo ilẹ̀. Bàbá tí wọ́n ti ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wúkọ́.

Màámà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìwé ètò tiwọn wà nílẹ̀. Mo ti fi í sáàárín ìka wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wò yíká: nínú gbogbo èèyàn inú gbọ̀ngàn yẹn, Màámà nìkan ni kò fẹ́ ara wọn. Òógùn ń ṣàn láti abẹ́ gèlè wọn wá sí àgbọ̀n. Mo gbé ìwé tèmi láti fẹ́ wọn, wọ́n ní kí n jẹ́ kó wà.

Brọ́dà ní kí ìyàwó ayàwòrán bá wa sọ ohun tí wọ́n rí nínú iṣẹ́ yìí. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ wa.

"Abẹ̀bẹ̀ mi ni," ni Màámà wí. "Bàbá ní àwọn ń bá mi ṣe é. Ooru ń mú mi."

Lójú ẹsẹ̀ ni àtẹ́wọ́ sọ. Ọkùnrin kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Brọ́dà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí gbogbo wa gbọ́, ooru tó ń mú orílẹ̀-èdè yìí ni Màámà fi gbólóhùn kan sọ yẹn. Àtẹ́wọ́ tún sọ. Màámà tẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní, "Kí ni mo sọ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí?" Ojú wọn ti pọ́n, mo sì mọ̀ pé ó ku díẹ̀ kí wọ́n sunkún.

Bàbá gbọ́. Wọ́n wo Màámà, wọ́n wo ìwé ètò tó wà nílẹ̀, wọ́n wo gbogbo ọwọ́ tó ń fi ìwé fẹ́ atẹ́gùn nínú gbọ̀ngàn. N kò mọ ohun tí wọ́n rò, ṣùgbọ́n ojú tì wọ́n, ìyẹn hàn sí mi kedere. Wọ́n dìde, wọ́n ká apá agbádá sí èjìká, wọ́n gbé férémù kúrò lára ògiri. Brọ́dà sáré wá, ó ní ẹnìkan láti Abuja ti ní òun fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ òun. Bàbá dojú férémù dé orí tábìlì, wọ́n ń yọ ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn tó nítumọ̀ wà nílé," ni Bàbá wí fún un. "Wá mú iye tó o bá fẹ́. Èyí, abẹ̀bẹ̀ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Bàbá gun achaba kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà níbẹ̀, mo wà láàárín, pépà wà ní kíká lábẹ́ apá wọn. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ilé Kaka la ti lọ bá wọn. Mo kí wọn ní "Ina kwana, Kaka," Bàbá náà ní sannu, sannu. Kaka tẹ́ pépà sílẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n fi òkúta tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n gbé ìka mẹ́ta lé ìlà mẹ́ta. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ojú òrùka, wọ́n wá ká ìka wọn kò, wọ́n sì ju apá lẹ́ẹ̀mejì nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ní abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ba ta iya riƙewa, ko?"

Wọ́n ń bi mí bóyá ńṣe ni obìnrin tó fẹ́ lo abẹ̀bẹ̀ yìí kò lè di nǹkan mú. A kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn nípa Màámà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá, Bàbá sì wá ibi jókòó sí lórí kùkùté igi, wọ́n ní kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kaka ní apá wo ló lágbára jù. Mo ní ọ̀tún. Kaka ní, "To," pé ó dára. Wọ́n fi itọ́ rẹ àtàǹpàkò, wọ́n pa ìlà òrùka Bàbá rẹ́, wọ́n mú èédú nídìí ààrò, wọ́n sì fa ìlà mìíràn síwájú díẹ̀, wọ́n ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ yẹn, orí eegun tó ń dun ìyá náà ni yóò máa há. Bàbá tó kọ́ ọmọ ènìyàn ní àwòrán yíyà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì jókòó, wọ́n ń wo bí Kaka ṣe ń tún tiwọn ṣe. Wọ́n ní kí n sọ fún Kaka pé ó dára bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ti dúró síwájú pépà yẹn, Kaka nìkan ló yé.

Wọ́n hun ún di ìrọ̀lẹ́. Kaba tí wọ́n rẹ sómi ń rùn bí koríko lẹ́yìn òjò. Wọ́n fún èmi àti Bàbá ní fura oníwàrà mu. Kaka fi àkísà búlúù kan wé òrùka kó lè rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ kúrò, pépà ti rin gbingbin, ó ti ya sí ọ̀nà mẹ́ta, adìẹ sì ń rìn kọjá lórí ẹnu mẹ̀kúnnù, lórí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àti omijé opó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ìhà mú.

Màámà wà lábẹ́ máńgòrò nígbà tí a dé. Bàbá kúnlẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, wọ́n bá Màámà ti ọwọ́ bọ òrùka. Ó wọlé. Màámà jù ú lẹ́ẹ̀kan, ó gbá wọn nímú. Wọ́n tún jù ú, etí gèlè wọn mì. Wọ́n dijú, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọn kò yára, wọn kò dúró, kò sì sẹ́ni tó bá wọn fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn débi pé n kò gbọ́ nígbà tí ìyá mi ń pè mí. Nígbà tó ṣe, Màámà lajú, wọ́n rí Bàbá tí òógùn ọ̀nà ṣì ń kán lágbọ̀n wọn.

"Ẹ sún mọ́ mi," ni Màámà wí.

Wọ́n ń fẹ́ Bàbá. Bàbá ní kí Màámà má bínú. Màámà ní kí wọ́n jókòó dáadáa, kí atẹ́gùn lè kàn wọ́n. Bàbá sunkún níwájú mi, wọn kò sì nu ojú.

Àwọn méjèèjì ti lọ. Brọ́dà ti di ọ̀gá láàárín àwọn olùkọ́. Ó wá mú àwòrán tó dà bí máàpù nígbà náà, ó ní ó ṣì wà nínú ọ́fíìsì òun. Bí a bá pàdé, ó máa ń sọ fún mi pé iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é nìkan, èmi náà á sì sọ fún un pé kosai ni omijé opó yẹn. A jọ ń rẹ́rìn-ín ni. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò kàn ní jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìlọrin ni mo ń gbé báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi pè mí láti Minna, wọ́n ní gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti jó. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo fi ń tú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn wò. Ṣé wọ́n ń bá mi wí pé n kò wá kí wọn mọ́ ni? Ṣé wọ́n ń sọ pé ilé ti ṣókùnkùn láti ìgbà tí bàbá mi ti kú? Mo ti gbé fóònù láti máa bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo rántí Màámà nínú gbọ̀ngàn, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ketekete pé ooru ń mú àwọn, àti àtẹ́wọ́ tí a fi dá wọn lóhùn. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ní Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Minna, mo ra gílóòbù ní ẹ̀bá títì, mo gun àga, mo yí i wọlé. Iná tàn. Ìyá mi gbójú sókè, wọ́n ní mo ṣeun, pé àwọn kò rí ibi tí àwọn ń tẹ̀ mọ́ lálaalẹ́. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun.